Mọ́tò dádì wa, ẹ jẹ́ ó máa jáde ní wíkẹ́ńdì

Èrò ọkàn mi rèé o, mo sì mọ̀ pé àwọn ará ilé wa máa kà á. A ò gbọ́dọ̀ ta MX-5 dádì wa, a ò sì gbọ́dọ̀ da aṣọ bò ó sínú garéèjì kó máa sùn. Ká máa wà á ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ó tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, Mazda MX-5 ti 1992 ni, ẹ́ńjìnnì 1.6, pupa, síítì méjì péré, òrùlé aṣọ tó ṣeé ká sẹ́yìn, iná iwájú ẹ̀ máa ń sùn sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó o bá tàn án á dìde. 1989 ni Mazda kọ́kọ́ fi irú ẹ̀ hàn ní Chicago, àwọn mọ́tò kéékèèké onísíítì méjì tí wọ́n ń ṣe nílùú ọba láyé ọjọ́un, irú MG àti Lotus, ni wọ́n wò ṣe é. Kò tó tọ́ọ̀nù kan. Kì í ṣe mọ́tò tó ń sáré àsápajúdé, àmọ́ tó o bá yí sítíárìnì díẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ló ti gbọ́, gbogbo ara ẹ ló máa mọ̀ pé ò ń wa mọ́tò. Nígbà tó fi máa di 2016 wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù kan ẹ̀, ìyẹn ni ò jẹ́ kí páàtì ẹ̀ wọ́n wa dòní.

Nígbà tí dádì rà á lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ lò ó, fúláàtì là ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wà, owó iléèwé àwọn àbúrò wọn nílé wà lọ́rùn wọn, ilé tí wọ́n ń kọ́ sí Abẹ́òkúta náà ò tíì débi òrùlé. Mi ò mọ nǹkan míì tí wọ́n rà fún ara wọn. Mọ́mì bínú gan-an, wọ́n ní kí ni bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta fẹ́ fi mọ́tò ẹni méjì ṣe.

Àmọ́ síítì méjì yẹn gan-an ló ṣe wá lóore. Torí pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè bá dádì jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń mú wa, Sátidé yìí bọ̀ọ̀dá mi, Sátidé tó tẹ̀ lé e àǹtí mi, èmi ni mo kẹ́yìn. Nínú ilé, dádì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n á dé láti ibi iṣẹ́, wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn. Inú mọ́tò yẹn ni mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó gbà wọ́n sílé àti ẹni tó lé wọn jáde, bí bàbá wọn ṣe kú tí wọn ò rówó tíkẹ́ẹ̀tì lọ sin ín. A ò ní tẹlifóònù lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó ń já lu ọ̀rọ̀ wa, títí a fi máa dé etí òkun ní Whitstable. Ọmọ mélòó nínú ìdílé elérò púpọ̀ ló rí bàbá ẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, kó jẹ́ òun nìkan?

Ní báyìí dádì ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ti padà sí Abẹ́òkúta, èmi ni wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ fún.

Bọ̀ọ̀dá mi ní owó là ń jó níná. Mo gbọ́ o, wọn ò purọ́. ULEZ, ìyẹn agbègbè tí mọ́tò tí èéfín ẹ̀ burú ti ń sanwó kó tó wọlé, ti gba gbogbo Lọ́ńdọ̀nù láti August 2023, mọ́tò pẹtiróòlù tí ò bá tó Euro 4, òṣùwọ̀n èéfín, ń san pọ́ùn 12.50 lọ́jọ́ tó bá jáde, tiwa ò sì tó o. Tó bá jẹ́ pé à ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ni, èmi fúnra mi ni mo máa ní ká tà á. Ṣùgbọ́n wíkẹ́ńdì nìkan ń kọ́? Inṣọ́ránsì àwọn mọ́tò àtijọ́ náà máa ń rọjú tí wọ́n bá mọ̀ pé máìlì tó o máa rìn lọ́dún ò pọ̀. Tó bá sì di April 2033, ó ti lé lógójì ọdún nìyẹn, a lè forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ bíi mọ́tò àtijọ́, bí òfin ò bá yí padà, owó-orí ọkọ̀ àti ULEZ á kúrò lọ́rùn ẹ̀.

Àwọn tó ní ká kàn gbé e pamọ́, ẹ jọ̀ọ́, jíjókòó ló ń pa mọ́tò. Bátìrì ẹ̀ tó wà nínú búùtù á kú, bíréèkì á gan, táyà á gbẹ á sán, kódà tó bá ṣì ní eyín lára (ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà yín, ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é ni). Èyí tó burú jù ni omi. Ihò kékeré kan wà lẹ́yìn síítì lọ́tùn-ún lósì tí omi òjò orí òrùlé ń gbà jáde, tí ewé bá dí i, abẹ́ ilẹ̀kùn lomi ń lọ, ìpẹtà á jẹ irin ibẹ̀ láti inú, o ò ní rí i títí MOT, àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún, á fi já ẹ. Ẹni tó ń wà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló máa tètè gbóòórùn ọ̀rinrin. Mo máa ń ti wáyà tín-ín-rín bọ ihò yẹn, epo E5 (pẹtiróòlù tí ẹtanọ́ọ̀lù inú ẹ̀ ò pọ̀) ni mò ń rà, mi ò kì í ra E10, tí ẹtanọ́ọ̀lù tiẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó gbòde láti 2021, tí wọ́n bá sì ti da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù, kò níbi tó ń lọ títí òjò á fi fọ̀ ọ́n.

Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín. Ọmọ mẹ́ta lẹ̀yin náà bí, iṣẹ́ ò sì jẹ́ kẹ́ ẹ rójú. Ẹ máa mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́bí yín ti ń kọ́ mọ́tò, ẹ jẹ́ ó wò bí ẹ ṣe ń fọwọ́ já gíà. Mo ti fi orúkọ yín sí inṣọ́ránsì, mo ti san MOT tọdún yìí, ULEZ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wà á, èmi ni máa san án. Ẹ kàn sọ Sátidé tẹ́ ẹ fẹ́ fún mi.