Ọ̀bọ yẹn ò bàjẹ́, ó dàgbà ni

Bọ̀dá kan ládùúgbò wa ní Tanke, n'Ílọrin, ń wá ẹni tó máa gba ọ̀bọ lọ́wọ́ òun. Ọ̀fẹ́ ni, kò gba kọ́bọ̀, ó tún máa fi ẹ̀wọ̀n àti àwo oúnjẹ rẹ̀ kún un. Ohun tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀bọ náà ti bàjẹ́, pé kì í ṣe bó ṣe rí nígbà tí òun rà á nìyẹn. Àwọn ará àdúgbò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní wọ́n ti fi nǹkan ṣe é, àwọn kan ní ó jẹ ohun tí kò yẹ kó jẹ. Èmi ò gbà. Èrò ọkàn mi rèé, ẹni tí kò bá bá lára mu kó má bínú: ọ̀bọ yẹn ò bàjẹ́ rárá, ó dàgbà ni.

Ìjímèrè ni, ọ̀bọ pupa ilẹ̀ ọ̀dàn, irú èyí tó wà nínú igbó ìjọba Kainji lápá Borgu. Nínú gbogbo ọ̀bọ ayé, kò sí èyí tó mọ eré sá tó o. Ó lè sá eré kìlómítà 55 ní wákàtí kan, ọlọ́kadà tí kò bá tẹná mọ́ ọn dáadáa ò ní bá a. Ẹranko tí Ọlọ́run fún ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n so mọ́ ìdí igi máńgòrò báyìí, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi so ó kò sì gùn ju apá mi lọ.

Ojú ọ̀nà ni bọ̀dá ti rà á, nígbà tó ń bọ̀ láti Jẹ́bà. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Bodè Sáàdù mọ̀ ọ́n: àwọn ọmọkùnrin á dúró lẹ́bàá títì, wọ́n á máa na ẹran ìgbẹ́ sókè sí mọ́tò, ọ̀yà, ehoro, ẹtu. Lọ́jọ́ náà, ọmọ ọ̀bọ kan wà láàyè lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, ó di ìka onítọ̀hún mú pinpin. "Ọ̀gá, ẹ gbé e fún àwọn ọmọ yín." Owó tó dá lé e ò tó owó adìẹ méjì. Ta ni ò ní rà á?

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi ọmọkùnrin yẹn ni pé ìyá ẹ̀ ńkọ́. Ọmọ ọ̀bọ tó kéré báyẹn kì í dá rìn jìnnà. Abẹ́ ikùn ìyá rẹ̀ ló máa ń rọ̀ mọ́, irun ìyá ló fi ń di ara rẹ̀ mú, bí ìyá bá ṣe ń sá lòun náà ń bá a lọ. Kò sí ọgbọ́n tí ọdẹ lè fi gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá tó wà láàyè. Wọ́n á yìnbọn pa ìyá ni, wọ́n á wá já ọmọ kúrò lára òkú. Ó ṣeé ṣe kí ìyá náà wà lórí tábìlì níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n ti yan án gbẹ, kí bọ̀dá ti fojú kàn án láìmọ̀. Lójú tèmi, ibi tó burú jù nínú òwò yìí nìyẹn, a kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo ariwo wa ọjọ́ tí ọ̀bọ bá géni jẹ ni. Ẹ̀bá títì yẹn ló ti yẹ kí àbámọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọdún àkọ́kọ́ dùn. Ó ń mu mílíìkì nínú fídà, ó ń sùn láyà àwọn ọmọ, wọ́n ń wọ páńpásì fún un, wọ́n tún rán fìlà Iléyá fún un. Fídíò rẹ̀ kárí status gbogbo àdúgbò. Èmi náà wò ó, mo rẹ́rìn-ín, mo tún fi ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn mi ní Ọ̀fà.

Ìgbà tó fi máa pé bí ọdún mẹ́ta, eyín gígùn méjì ti yọ lókè ẹnu. Akọ ni, akọ ìjímèrè sì máa ń tóbi tó ìlọ́po méjì abo, ó lè wúwo tó kílò 12. Nínú igbó, irú àkókò yìí gan-an ni akọ máa ń kúrò lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀, torí pé akọ àgbà kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà láàárín ọ̀pọ̀ abo. Ó gbọ́dọ̀ jáde, kó bá akọ mìíràn jà, kó mọ ẹni tó ju òun lọ àti ẹni tí òun jù. Nínú páálọ̀ onítáìsì ní Tanke, níbo ló ti fẹ́ rí akọ mìíràn? Àwa ènìyàn inú ilé ló kù tó lè dán agbára wò lára wa, ẹranko tó bá sì ń dán agbára wò kì í kọ́kọ́ kojú bàbá ilé. Àbíkẹ́yìn ló kọ́kọ́ kojú.

Ọmọ yẹn ń rẹ́rìn-ín sí i ni. Kò mọ̀ pé lọ́dọ̀ ọ̀bọ, ẹni tó bá tẹjú mọ́ni, ìjà ló ń wá, ẹni tó bá sì ṣí eyín sílẹ̀, bí ẹ̀rù ò bá bà á, á jẹ́ pé ó fẹ́ géni jẹ. Ọ̀bọ gé e jẹ lápá. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí ajá nìkan kọ́ ló ń kó dìgbòlugi ranni. (Àwa náà ń kó tiwa ràn wọ́n o. Ọ̀fìnkìn àti ikọ́ tí à ń fojú kéré lè dá ọ̀bọ dùbúlẹ̀.)

Láti ọjọ́ yẹn ló ti wà nídìí igi. Bí ẹ bá kọjá níbẹ̀, ẹ dúró wò ó dáadáa. Ó ń lọ síhìn-ín, ó ń bọ̀ lọ́hùn-ún, ojú kan náà, láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ń fa irun apá ara rẹ̀ tu, nígbà míì á gé ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ. Àwọn ọmọ iléèwé rò pé ijó ló ń jó, wọ́n ń ju búrẹ́dì sí i, wọ́n ń fún un ní mínírà. Ìdààmú ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹranko tó yẹ kó máa rìn káàkiri ọ̀dàn látàárọ̀, kó máa ṣa kòkòrò jẹ, kó máa họ oje ara igi lá, kó jókòó ti àwọn ẹbí rẹ̀ kí wọ́n máa wo irun fún ara wọn, índómì àti ẹ̀wọ̀n la fún un. Ọjọ́ kan tó já, igbá wàrà Fúlàní kan tó ń kọjá ló kó sí. Ìyàwó bọ̀dá ló san owó wàrà.

Ẹnìkan ti bi mí pé ẹṣin ńkọ́, pé ṣebí ẹranko lòun náà, ṣebí Ìlọrin la wà. Ìlọrin la wà lóòótọ́, ìlú tí wọ́n ń kì pé ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lòrìṣà ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń sin ẹran. Ẹ wo ọjọ́ Durbar nígbà Iléyá, bí ẹṣin ṣe ń gba àárín èrò àti ìlù kọjá, tí ọmọdé ń na ọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní 4,000 ọdún tí ọmọ aráyé ti ń ṣa ẹṣin tó gbọ́ràn lẹ́ṣà, tí wọ́n ń jẹ́ kí èyí tó gbọ́ràn bímọ, tí wọn ò jẹ́ kí èyí tó burú bí irú ara rẹ̀. Ajá tiẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ wa ṣáájú ẹṣin. Ẹnikẹ́ni ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀bọ rí. Èyí tí ẹ fi fídà tọ́ nínú ilé àti èyí tó wà ní Kainji, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ohun tó fi yàtọ̀ kò ju pé ẹ̀rù ènìyàn ò ba tinú ilé mọ́, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó léwu ju ti igbó lọ.

Ẹlòmíràn ní àwọn ọdẹ ayé àtijọ́ ń sìn ín. Wọ́n ń sìn ín, mo gbà. Ọdẹ tó bá ń sìn ín mọ ohun tí òun máa ṣe lọ́jọ́ tó bá gé òun jẹ, ìkòkò ọbẹ̀ ò sì jìnnà. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà fẹ́?

N ò fi mọ sórí ọ̀bọ o. Ajá onírun púpọ̀ tí wọ́n mú wá láti ilẹ̀ yìnyín, tó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ lábẹ́ oòrùn oṣù kẹta nílùú yìí, ṣé ìgbádùn nìyẹn? Odídẹrẹ́ tó lè lo 40 ọdún, kó tún lé, ẹni 50 ọdún tó bá rà á lónìí, ta ló fẹ́ fi jogún? Odídẹrẹ́ yìí kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé tó wà nínú CITES, àdéhùn lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, fẹnu kò lé lórí lọ́dún 2016 pé kí wọ́n yéé kó tinú igbó kọjá ẹnubodè lọ tà.

Kí wá ni kí bọ̀dá ṣe? Ibí lọ̀rọ̀ ti le. Àwọn kan ní kó gbé e lọ sí Òkè Sóbí, kó jù ú sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Kò mọ oúnjẹ igbó, kò mọ ejò, kò mọ ajá ọdẹ. Wọ́n ní ìjímèrè tó lóun ò ní í sá fájá, ojú ajá ni ò tíì tó. Èyí ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kóun sá. Ilé ènìyàn ló máa padà wọ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí á sì fi igi là á mọ́lẹ̀. Àwọn kan ní kó gbé e lọ sí ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìlọrin. Kó kọ́kọ́ lọ bi wọ́n léèrè, kó má kàn gbé ọ̀bọ dé ẹnu géètì, torí ọgbà ẹranko ò lè gba gbogbo ẹran tó bá ti sú onílé, àwọn ọ̀bọ tó bá sì ti wà nínú àgọ́ lè pa àlejò. Àmọ́ àwọn onímọ̀ ìṣègùn ẹranko wà ní yunifásítì yẹn, wọ́n á lè yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á lè sọ irú àgọ́ tó bá a mu. Ní Kàlàbá, wọ́n dá CERCOPAN, ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀bọ, sílẹ̀ lọ́dún 1995 torí àwọn ọ̀bọ tí wọ́n sọ di aláìníyàá báyìí. Ọ̀nà Kàlàbá jìn, ibẹ̀ náà ò sì lè gba ti gbogbo Nàìjíríà.

Tèmi ni pé ẹni tó rà á ni kó rù ú. Kó tú ẹ̀wọ̀n yẹn, kó kan àgọ́ gíga onínẹ́ẹ̀tì, kí igi wà nínú rẹ̀, kí ìbòòji wà, kó dá índómì àti mínírà dúró. Owó ńlá ni, mo mọ̀. Àgọ́ nìkan á gbé owó tó fi ra ọ̀bọ mì lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì lè tó ogún ọdún kí ọ̀bọ náà tó kú. Àwọn aáfáà wa máa ń ka hádíìsì obìnrin tó so ológbò mọ́lẹ̀, tí kò fún un lóúnjẹ, tí kò sì tú u sílẹ̀ kó lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ, tó torí ẹ̀ wọná. Ológbò nìyẹn o, tó ti mọ́ ilé gbé.

Ẹnìkan ti wá wò ó. Ó ní òun fẹ́ kó máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù òun, kó máa pe oníbàárà. Inú bọ̀dá dùn, ó fẹ́ gbé e fún un. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, pé ibòmíràn ni wọ́n tún fẹ́ lọ so ó mọ́, ọmọ ẹlòmíràn ló sì máa gé jẹ. Ó ní bí àánú rẹ̀ bá ń ṣe mí tó bẹ́ẹ̀, kí n mú un lọ sílé. Ohun tí wọ́n fi ń pa gbogbo ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lẹ́nu mọ́ nìyẹn. N ò ní mú un, èmi kọ́ ni mo rà á. Bí ó bá fẹ́ kan àgọ́, màá dá sí owó nẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin tí ẹ sì máa wọ inbox mi wá bi mí pé èló ni wọ́n ń tà á lọ́nà Jẹ́bà báyìí, n ò ní dá yín lóhùn.