Ṣúgà kọ́ ló ń fún yín ní jẹ̀dí-jẹ̀dí

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò màmá mi kan tún fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wa pé kí ọmọkùnrin àwọn má fẹnu kan ṣúgà mọ́, jẹ̀dí-jẹ̀dí ló ń bá a jà. Ọmọ tí wọ́n ń wí yìí ti lé lógún ọdún. Ó ti lé lóṣù kan tó ti ń yàgbẹ́ gbuuru, ṣòkòtò ti ń bọ́ nídìí ẹ̀. Kíá ni àwọn ará ilé ti ń dáhùn: "Òótọ́ ni mà, ṣúgà ò dáa." "Ẹ bá a wá àgbo mà." Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá wọ́n ti gbé ìgbẹ́ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bó bá jẹ́ ṣúgà ló ń fa ìgbẹ́ gbuuru, kí ló dé tó jẹ́ ṣúgà náà ni gbogbo ayé fi ń gba ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru fẹ́ pa sílẹ̀? Ẹ ṣáà mọ omi oníyọ̀ tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́: lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí ìmutíì mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀, kí ṣíbí má ga lórí. Ẹ má rò pé kó lè dùn lẹ́nu ọmọ ni wọ́n ṣe fi ṣúgà sí i. Nínú ìfun, ṣúgà ló ń mú iyọ̀ wọlé sára, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Ẹ yọ ṣúgà kúrò, agbára ńlá ti kúrò nínú omi yẹn. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Robert Crane, ló ṣàlàyé bí ṣúgà àti iyọ̀ ṣe jọ ń wọlé, ní 1960. Nígbà tó di 1971, tí ogun Bangladesh lé ogunlọ́gọ̀ èèyàn wọ Íńdíà, kọ́lẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n ní ibùdó wọn, omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára kò sì tó nǹkan mọ́. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà glucose mọ́ omi, kí àwọn ẹbí máa fi ife bù ú fún aláìsàn wọn mu. Níbi tí nǹkan bí 30 nínú 100 ti ń kú tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń kú kò pé 4 mọ́. Lọ́dún 1978, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, Lancet, kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí àwárí nípa ṣúgà àti iyọ̀ yìí jẹ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ìṣègùn ní gbogbo ọ̀rúndún náà. Ṣúgà tí ẹ ń sá fún nìyẹn o.

Wọ́n á ní àwọn bàbá wa ló sọ ọ́. Ṣé àwọn bàbá wa ní awò tí wọ́n fi ń rí àmíbà, kòkòrò inú ìgbẹ́ tí ojú lásán ò lè rí, ni?

Gààrí mímu ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹlẹ́rìí. Gààrí, ẹ̀pà, ṣúgà, omi. Inú dàrú, wọ́n mú ṣúgà, wọ́n fi omi sílẹ̀ kó máa lọ lómìnira! Nílé tí a ti gbé dàgbà n'Íbàdàn, kànga kò jìnnà sí ṣáláńgá, omi rẹ̀ la fi ń rẹ gààrí láìsè é. Inú ìgbẹ́ ni àmíbà ti ń jáde. Á fi èèpo bo ara rẹ̀, á máa retí ẹni tó máa gbé e mì nínú omi, nínú ẹ̀fọ́ tí wọn ò fọ̀ dáadáa, tàbí lọ́wọ́ ẹni tó dé láti ilé ìyàgbẹ́ tí kò fọwọ́. Tó bá dénú ìfun, ó lè dá egbò síbẹ̀. Inú á máa run, èèyàn á lọ lóṣòó, á fúnra títí, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni yóò rí. Ṣebí ohun tí ẹ ń pè ní jẹ̀dí-jẹ̀dí nìyẹn? Ó tún lè gba ibẹ̀ lọ bá ẹ̀dọ̀.

Ó ṣe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Tíì láìsí ṣúgà, ẹ̀kọ láìsí ṣúgà, àgbo láàárọ̀ àgbo lálẹ́, ìgbẹ́ náà kò dúró. Ìgbà tí ìyàwó wọn fi ipá mú wọn lọ sí láàbù ni wọ́n rí àmíbà nínú ìgbẹ́. Wọ́n lo oògùn tí dókítà kọ, ó tán. Ṣúgà ń bẹ nínú ẹ̀kọ wọn báyìí, n kò sì tíì gbọ́ pé wọ́n ké.

Àgbo náà ńkọ́? Àwọn kan ń se ewé asùnwọ̀n mọ́ ọn, ewé tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú èèyàn yàgbẹ́. Ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe wá ń mu oògùn ìyàgbẹ́ lójoojúmọ́, wọ́n á ní àìsàn náà ló ń jáde.

Ó dáa, mo gbà pé ohun mímu tó bá dùn jù lè fi kún ìgbẹ́ gbuuru tó ti wà nílẹ̀. Ṣúgà inú mílíìkì náà sì ń da inú ọ̀pọ̀ wa rú. Olikoye Ransome-Kuti, tó padà di mínísítà ìlera, wà lára àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò lára ẹ̀yà Nàìjíríà, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1971: ọ̀pọ̀ jùlọ àgbàlagbà Yorùbá ni ara wọn kì í da ṣúgà mílíìkì, èyí tí ara ọ̀pọ̀ Fúlàní ń dà. Bí tíì bá ń da inú yín rú, ẹ kọ́kọ́ yọ mílíìkì.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà lè bẹ̀rẹ̀ báyìí: ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ìgbọ̀nsẹ̀ tó yí padà láìnídìí, ara tó ń joro. Kòkòrò HIV lè wà nídìí ẹ̀, ikọ́ ife lè mú ìfun. Kódà oògùn ìtọ̀ ṣúgà, metformin, a máa fa ìgbẹ́ ṣíṣàn. Gbogbo wọn lẹ kó sábẹ́ jẹ̀dí-jẹ̀dí, ẹ wá ń bá kóró ṣúgà jà.

Àgbàlagbà tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá ti ṣàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó lọ rí dókítà. Ti ọmọdé kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, bí ibà bá wà ńbẹ̀, bí ẹ bá ń rù, tàbí tí ìgbẹ́ ń jí yín lójú oorun, ẹ má retí ọjọ́ kankan. Ojú ọmọ tó jìn wọnú, ọmọ tó rẹ̀ tí kò lè mu nǹkan, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.

Ẹ má sì sáré ra Flagyl lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì kí ẹ tó lọ, ó lè bo ohun tí láàbù ń wá mọ́lẹ̀. Láàbù yẹn gan-an ni kí ẹ ti yà á, sínú ike mímọ́ tí wọ́n bá fún yín, kí ìtọ̀ má kàn án, kí wọ́n wò ó nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, torí àmíbà kì í pẹ́ kú bó bá ti tutù. Kí ẹ sì ka gbogbo àgbo tí ẹ ti mu fún dókítà, títí kan èyí tí ẹ ra ní gáréèjì.