Píràmíìdì Íjíbítì kì í ṣe àká Jósẹ́fù

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo rí fọ́tò tí àwa ará Ìbàdàn ń fi ránṣẹ́ kiri, pé Jósẹ́fù ló kọ́ àwọn píràmíìdì Íjíbítì láti fi tọ́jú ọkà nígbà ìyàn. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ Bíbélì ló fà á, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ibojì ọba ni wọ́n, wọ́n kọ́ wọn torí àwọn ará Íjíbítì ayé àtijọ́ gbà pé ọba ṣì ń wà láàyè lẹ́yìn ikú. Ọba Khufu ló ni èyí tó tóbi jù ní Gíza, ó ti lé ní 4,500 ọdún.

Ibi tó ti ń rú wa lójú ni pé a rò pé inú ẹ̀ ṣófo bí ilé. Òkúta ló kún inú ẹ̀ o, bíi mílíọ̀nù 2.3, ọ̀nà tóóró àti yàrá díẹ̀ péré ló wà níbẹ̀. Àká gbọ́dọ̀ ṣófo ni, ẹni tó bá ti rí bí àpò àgbàdo ṣe ń gbàyè tó ní ọjà Bódìjà á mọ̀ pé ìyẹn ò lè gba oúnjẹ ìlú kan, ká má tíì sọ ti gbogbo Íjíbítì.

Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì 41:48, inú àwọn ìlú ni Jósẹ́fù kó oúnjẹ sí, kò dárúkọ píràmíìdì kankan. Kẹ́ ẹ sì wo àwòrán inú píràmíìdì Khufu lórí Google.