Bí Òkété Bá Dàgbà: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Ọmọ Kétu Tó Wà Lókèèrè

"Nọ́ńbà ìyá mi kò lọ mọ́." Láti ìparí ọdún 2024 ni mo ti ń gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu àwọn ọmọ wa, ó sì ti sú mi. Ẹni tó wà ní Abijáǹ ń sọ ọ́, ẹni tó wà ní Faransé ń sọ ọ́. Kódà ẹni tó wà ní Kútọnu níbí, tó lè wọ tasí láàárọ̀ kó jẹun ọ̀sán ní Kétu, òun náà ń sọ ọ́. Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni tó ń ròyìn ikú, bí ohun tí ẹ̀dá kò lè tún ṣe.

Kí ló tilẹ̀ ṣe nọ́ńbà ọ̀hún? Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà fóònù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kúrò ní olóòǹkà mẹ́jọ, ó di olóòǹkà mẹ́wàá. 01 ni wọ́n fi ṣíwájú rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń pè láti òkèèrè á tẹ 229, á tẹ 01, á wá tẹ èyí tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá yín kò kó kúrò nílé.

Àwọn baba wa ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹranko tó fún ọmọ lọ́mú nínú ihò lánàá, ogbó dé, ó yíjú sí àyà ọmọ. Òwe tí gbogbo wa mọ̀ ni, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ òde òní ti yọ ọmú kúrò nínú rẹ̀, wọ́n ti fi owó dí i. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá ti fowó ránṣẹ́ ti fún òkété lọ́mú. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Nígbà tí ìyá yín ń fún yín lọ́mú, ṣé inú igbá ni wọ́n fún un sí, tí wọ́n wá rán aládùúgbò pé kó gbé e wá fún yín? Orí itan wọn lẹ wà. Ẹ ń gbọ́ èémí wọn, ẹ ń gbóòórùn ara wọn, ẹ ń wojú wọn, wọ́n sì ń fi orin rẹ̀ yín.

Màmá kan wà ní àdúgbò wa ní Kétu, ilé wọn kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó kù fún wọn wà ní Libreville, ní Gàbọ̀n, láti bí ọdún mọ́kànlá. Ọmọ náà kì í ṣe aláìmoore o. Oṣooṣù ló ń fowó ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kútọnu. Ẹni yẹn á fi MoMo sọ ọ́ sórí fóònù màmá, ọmọ kékeré tó ń bá wọn gbé á sì lọ gbà á jáde lójú títì. Owó mọ̀nà. Àmọ́ láti ìgbà tí 01 ti dé ni màmá kò ti gbóhùn ọmọ wọn mọ́. Ta ni yóò ṣàlàyé 01 fún wọn? Pọ́tábù wọn wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Lọ́jọ́ kejì-kejì ni wọ́n ń rán ọmọ lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò tó ní sólà pé kó bá wọn fi iná sí i, kó má baà kú lọ́jọ́ tí ọmọ wọn bá pè. Kírédì arúgbó kò sì lè gbé ìpè dé Gàbọ̀n.

Ní oṣù keje ọdún 2025, màmá ránṣẹ́ pè mí. Mo dé, wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, má ṣe bí àwọn yòókù, má fi pamọ́ fún mi. Ọjọ́ wo ló kú?"

Mo ní ta ló kú?

"Ọmọ mi tó wà ní Gàbọ̀n. Owó ni mò ń rí, n kò gbóhùn rẹ̀. Ẹni tó ti kú náà, ẹbí lè máa fowó ránṣẹ́ lórúkọ rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ má baà mọ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ màmá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogbó. A máa ń fi ikú ọmọ pamọ́ fún arúgbó. Mo mọ bàbá kan tí wọ́n sin ọmọ wọn sí Àjàṣẹ́, ọdún méjì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó lè la ẹnu sọ fún wọn. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá béèrè, a ó ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó wá. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni màmá yìí fi ń dá ṣọ̀fọ̀ ọmọ tó wà láàyè, tí wọn kò lè sunkún síta. Owó tí ọmọ rò pé ó ń fi tù wọ́n nínú, òun ló ń jẹ́rìí ikú rẹ̀ fún wọn lóṣooṣù.

Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo pe ọmọ náà. Ó gbé e. Mo ní kí ló dé tí o kò pe ìyá rẹ? Ó ní, "Bàbá, nọ́ńbà màmá kò lọ mọ́." Mo bi í pé ta ló ń bá a mójú tó ilé tó ń kọ́ lọ́nà Pobẹ̀. Ó dárúkọ bíríkìlà. Mo ní ti bíríkìlà ńkọ́, ṣé ó ń lọ? Kò lè dáhùn. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń pe bíríkìlà. Ó mọ 01 ti bíríkìlà. Ó mọ iye àpò sìmẹ́ńtì tó wọlé àti iye tó kù nílẹ̀.

Mo gbé fóònù fún màmá. Wọn kò kí i. Ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ bi í: "Bó bá jẹ́ ìwọ ni, kí ni bàbá rẹ ń pe ajá ọdẹ wọn, èyí tó kó sí kànga?" Wọ́n ń dán an wò, bóyá ẹlòmíràn ni a bẹ̀ kó wá fara wé ọmọ wọn. Ó dárúkọ ajá náà. Ìgbà yẹn ni màmá tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì rẹ̀, mo sì gbọ́ tí ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ń sunkún ní Libreville.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí oríkì yẹn. Àgbà obìnrin ilẹ̀ wa kì í fi "ṣé dáadáa ni" kí ọmọ wọn kó tán síbẹ̀. Wọ́n á pe oríkì rẹ, wọ́n á pe ti bàbá rẹ, wọ́n á mú ọ dé orílẹ̀ rẹ kí wọ́n tó bi ọ́ bí ara ṣe rí. Ó ń gba àkókò, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Kí lẹ̀yin ń ṣe? Ẹ ń gé e. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kírédì ń tán lọ." Kírédì tí ẹ fi wo bọ́ọ̀lù lánàá kò tán. Àwọn mìíràn á gbé fóònù sórí tábìlì, wọ́n á máa ṣe iṣẹ́ wọn lọ, wọ́n á máa dáhùn "hẹ́n-ẹn, hẹ́n-ẹn". Ìyá mọ̀. Ẹni tó tọ́ ọmọ mẹ́fà mọ ìgbà tí etí ọmọ kò sí níbi ọ̀rọ̀. Àwọn kan á sì gbé e fún ọmọ wọn tí kò gbọ́ ju Faransé lọ. Ọmọ á ní "Bonjour, mémé." Ìyá àgbà á ní, "Ọmọ mi, ṣé o jí dáadáa?" Ó parí. Àwọn méjèèjì á máa gbọ́ èémí ara wọn láti Kétu dé Paris. Ẹni tí kò fi èdè ìyá rẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ti dí ọ̀nà tí 01 kò lè là.

Èyí tó dùn mí jù ni pé Kétu ni. Ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́! Láti ọdún 2001 ni UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà. Àwọn ìyá là ń fi ijó náà tù: ọkùnrin á gbé igi gbígbẹ́ lérí, á ró ìró obìnrin, á so ṣaworo mẹ́sẹ̀, á máa júbà ìyá. Bí ẹ bá wálé, ẹ ń ya fídíò rẹ̀, ẹ ń fi ṣe fáàrí lókèèrè. A máa ń wí pé ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Òótọ́ ni, fún ẹni tó ṣì lè rìn dé agbo. Arúgbó tí kò kọjá ojúde mọ́ ńkọ́, kí ni òpin ìran tiwọn? Ojú yín ni. Mo rí bàbá kan tí ọmọ wọn fi fídíò pè, tí wọ́n gbé fóònù sétí, tí ọmọ kò rí ju etí àti fìlà lọ, tó wá ń jágbe mọ́ bàbá rẹ̀. Mo gba fóònù náà, mo gbé e síwájú wọn. Bàbá wò ó títí. Lẹ́yìn náà wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi àtàǹpàkò nu gíláàsì fóònù bí ẹni ń nu ojú ọmọ ọwọ́.

Nítorí náà ẹ gbọ́. Ẹ mú ọjọ́ kan, ẹ mú wákàtí kan, kí wọ́n lè máa jókòó dè yín. Ẹ gba nọ́ńbà aládùúgbò méjì mọ́ ti ìyá yín. Ẹ má béèrè bóyá àlàáfíà ni. Wọ́n á ní àlàáfíà ni, bí orókún tilẹ̀ ń já wọn jẹ. Ẹ bi wọ́n pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ku mélòó nínú páálí. Ẹ bi wọ́n ní ìmọ̀ràn lórí ilé yín, kí ẹ sì tẹ̀ lé ọ̀kan níbẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ṣì jẹ́ ìyá ẹnì kan. Ẹ má fi aago ṣe àwáwí fún mi: aago Libreville àti ti Kétu, ọ̀kan náà ni, wákàtí kan péré sì ni Abijáǹ fi kẹ́yìn wa.

Mo mọ̀ yín. Ẹ ń sọ pé ẹ ó pè bí ẹ bá ráyè. Mo sì mọ ọjọ́ tí ẹ máa ń ráyè. Lọ́jọ́ tí a bá ní màmá ti lọ, gbogbo nọ́ńbà ló ń lọ. Ẹ ó rí alásè pè, ẹ ó rí onílù pè, ẹ ó rí ẹni tó ń ta aṣọ ẹbí pè. Ẹ ó rówó ọkọ̀ òfuurufú tí ẹ ní ó wọ́n jù. Ẹ ó pa màlúù. Ẹ ó sì máa yà káàkiri àdúgbò, ẹ ó máa bi wá pé ta ló ní fọ́tò màmá tó dáa tí a lè tẹ̀ sára aṣọ, nítorí pé ẹ̀yin kò ní ọ̀kankan.

Ẹ ṣí fóònù yín báyìí, kí ẹ wo orúkọ ìyá yín níbẹ̀. Bí kò bá sí 01, ẹ tún un kọ. Kí ẹ sì pè. Ẹ má sọ fún mi pé ó di alẹ́ tí ẹ bá ṣíwọ́. Aago mẹ́jọ ni wọ́n ń pa iná.