Machiavelli ò sọ pé kí olórí máa gba ilẹ̀ onílẹ̀ o

Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ̀yin tó wà nílé àti ẹ̀yin tó wà ní Kútọnu, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́. Nípàdé àdúgbò wa tó kọjá, wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ tí ọkọ ìyá àgbà kan fi sílẹ̀ fún òun àtàwọn ọmọ ẹ̀, wọ́n láwọn máa fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù fáwọn ọ̀dọ́, ni ọ̀dọ́kùnrin kan bá dìde, ó ní kí wọ́n halẹ̀ mọ́ màmá náà díẹ̀, pé Machiavelli, òǹkọ̀wé ará Ítálì ayé àtijọ́ yẹn, ti sọ ọ́, la fin justifie les moyens, ìyẹn ni pé ibi tí ọ̀rọ̀ bá já sí ló ń dá ọ̀nà téèyàn gbà láre. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Lísè ni gbogbo wa ti gbọ́ gbólóhùn yẹn, èmi náà gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Machiavelli ò kọ ọ́ síbì kankan nínú Le Prince, ìwé tó kọ nípa bí ọba ṣe ń ṣèjọba. Ohun tó wà ní orí 18 ni pé níwọ̀n ìgbà tí kò sí kóòtù téèyàn lè pe ọba lọ, ibi tí ọ̀rọ̀ bá já sí làwọn èèyàn máa ń wò. Mi ò sọ pé ẹni mímọ́ ni o, orí yẹn kan náà ló ti ní ọba lè yẹ àdéhùn tó bá máa pa á lára, mi ò sì fara mọ́ ìyẹn.

Àmọ́ ẹ padà sí orí 8. Ó sọ ìtàn Agathocles níbẹ̀, ọmọ amọ̀kòkò ará Syracuse tó wọṣẹ́ ológun títí tó fi di ọ̀gá, láàárọ̀ ọjọ́ kan ó pe àwọn ìgbìmọ̀ àti ará ìlú jọ bí ẹni fẹ́ ṣèpàdé, ó ṣe àmì sáwọn ọmọ ogun ẹ̀, wọ́n sì pa gbogbo ìgbìmọ̀ àtàwọn olówó ìlú pátá. Ó gbàjọba, ó sì pẹ́ nídìí ẹ̀. Tó bá jẹ́ ibi tó já sí nìkan ni Machiavelli ń wò, ṣebí ńṣe ni ì bá yìn ín láìku ẹnu kan? Ohun tó kọ ni pé kéèyàn pa ará ìlú ẹ̀, kó dalẹ̀ ọ̀rẹ́, kó má láàánú, a ò lè pe ìyẹn níwà akin, ó lè fi gba ìjọba, kò lè fi gba ògo.

Ti ẹ̀rù ló wá ń bí mi nínú jù. Òótọ́ ni pé ní orí 17 ó ní tí olórí ò bá lè ní méjèèjì, ó sàn kí wọ́n bẹ̀rù ẹ̀ ju kí wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń pa ìwé dé! Kò pẹ́ sígbà yẹn ló ní kí wọ́n má kórìíra ẹ̀ o, kó má fọwọ́ kan dúkìá ará ìlú àtobìnrin wọn, torí èèyàn á tètè gbàgbé ikú bàbá ẹ̀ ju ogún tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ. Ogún! Ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ màmá yẹn gan-an. Àbí Baṣọ̀run Gáà ò dẹ́rù ba gbogbo Ọ̀yọ́ ni, kí ló gbẹ̀yìn ẹ̀?

Ọdún 1513 ló kọ ìwé náà, lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba ìlú Florence fún ọdún 14, ọdún yẹn náà ni wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, tí wọ́n dè é lọ́wọ́ sẹ́yìn, tí wọ́n fi okùn fà á sókè. Ó mọ bí ìyà ọwọ́ ìjọba ṣe ń rí lára.

Orí 20 ló wọ̀ mí lára jù torí ọmọ Kétu ni mí. Ó ní odi tó dáa jù ni kí ará ìlú má kórìíra ẹni. Àwa la ní odi, la ní yàrà, la ní Akaba Ìdènà, ẹnu ibodè ìlú wa, ogun Dàhòmì ṣì wọlé lọ́dún 1886. Mi ò sọ pé ará ìlú kórìíra Alákétu nígbà yẹn, ohun tí mò ń sọ ni pé ó yẹ ká mọ ibi tágbára odi mọ.

Ọjọ́ Àìkú nìpàdé tó ń bọ̀. Mo ti ya fótò orí 17 ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́kùnrin yẹn lórí WhatsApp, látòkè délẹ̀.