Ta Ló Mọ Bí Ọmọ Àgbàtọ́ Ṣe Ń Dàgbà?

Bí ọmọ bá pé ọdún kan ààbọ̀ tí kò tíì rìn, ìyá rẹ̀ á ti fi tó ìyá tirẹ̀ létí. Ìyẹn lè rántí pé ìyá ọmọ náà gan-an pẹ́ rìn, ó sì lè ní kí wọ́n tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọmọ tí àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà gbé fún alágbàtọ́ kò lẹ́ni tó lè rántí ohunkóhun nípa rẹ̀. Ṣé ó ké nígbà tí wọ́n bí i? Ṣé ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́? Ṣé àárín káńfọ̀ ni wọ́n kó aṣọ tó kọ́kọ́ wọ̀ sí? Jọ́ńdíìsì, ìyẹn àìsàn tó ń mú kí ojú àti ara pọ́n bí ìyeyè, bó bá le lára ọmọ tuntun, lè di í létí, ó sì lè ba apá ibi tó ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jẹ́ nínú ọpọlọ. Káńfọ̀ sì wà lára ohun tó ń dá jọ́ńdíìsì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbà á. Ọmọ tó bá ti ibẹ̀ di adití kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnu yín ni yóò máa wò, ẹ ó sì máa pè é ní olóríkunkun.

Ohun tí à ń fẹ́ nìyí: kí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ ọ́ di dandan pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tó bá bọ́ sọ́wọ́ alágbàtọ́ tàbí tó wọ ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò láàárín oṣù kan. Kí wọ́n wo etí rẹ̀, ojú rẹ̀, ìrìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti bó ṣe ń bá èèyàn ṣeré. Kí wọ́n sì tún un wò lẹ́yìn oṣù díẹ̀, torí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kúrò lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ lè dákẹ́ kẹ́kẹ́ fún ìgbà díẹ̀ láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe é.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ọ̀yọ́ sọ di tirẹ̀ ní 2006, ti fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìlera, ó sì la ọ̀nà ìgbàtọ́ sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti 2003 ni òfin ti ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, tí ó dájú pé wọ́n fìyà jẹ tàbí pa tì, dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láti dàgbà bó ṣe yẹ.

Ọjọ́ orí ló mú wa máa kánjú. Ní Bucharest, olú ìlú Romania, àwọn onímọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní ọdún 2000 lórí ọmọ 136 tó wà nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Wọ́n gbé àwọn kan fún alágbàtọ́, àwọn yòókù sì wà nínú ètò tó ti wà nílẹ̀. Òye àwọn tí wọ́n gbé fún alágbàtọ́ ga ju ti àwọn yòókù lọ, ó sì hàn jù lára àwọn tó kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì. Níbi tiwa, “ẹnu ẹ̀ wúwo ni, ọkùnrin máa ń pẹ́ sọ̀rọ̀” lè jẹ ọdún méjì yẹn tán. A kò bá ẹni tó ń gbàdúrà jà o, ṣùgbọ́n kó gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé pé nǹkan kan ń ṣe ọmọ, ta ni yóò gbà á? Ìbẹ̀rù náà nídìí, nítorí a mọ ojú tí àwa fúnra wa fi ń wo ọmọ tó bá ní àléébù. Síbẹ̀, alágbàtọ́ yóò rí i bó pẹ́ bó yá. Ẹni tó mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì fi ohun tó lè ṣe hàn án, ni a rò pé ó lè fara dà á ju ẹni tí wọ́n fi pamọ́ fún lọ. Kí ìwé àyẹ̀wò náà wà lọ́wọ́ alágbàtọ́, dókítà àti wẹ́lífíà nìkan, kó sì máa bá ọmọ lọ bó bá pààrọ̀ ilé.

Ìbàdàn kò ní sọ pé òun kò rí ẹni tí yóò ṣe é. UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀, wà níbí, ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé Oni Memorial wà ní Ring Road, ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní àìlera wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Èyí tó nira ni kí ẹni tó ń gbé Mọníyà tàbí Olódó gbé ọmọ dé ibẹ̀, kó lo gbogbo ọjọ́ lórí ìlà, kó sì tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nítorí náà, kí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ wà ní ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé ní ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá tó wà n'Ìbàdàn, níbi tí ọmọ ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára oṣù 9 àti oṣù 15. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá kọ́ dáadáa lè fi ìbéèrè díẹ̀, agogo kékeré tí yóò fi wo etí àti bọ́ọ̀lù pupa tí yóò fi wo ojú mọ ọmọ tó yẹ kó lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Owó tó máa tẹ̀lé àyẹ̀wò náà la fẹ́ kí Sẹkitéríàtì Àgódi, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, rántí: owó mọ́tò alágbàtọ́, owó ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ fún ọmọ tó bá nílò rẹ̀, àti owó ẹni tí yóò máa kọ́ ọmọ ní ìrìn àti ọ̀rọ̀ sísọ. Bí ìwọ̀nyí kò bá sí nínú ìṣúná tó ń bọ̀, kí wọ́n má wulẹ̀ pàṣẹ àyẹ̀wò kankan.