Yìnyín Nídìí Láyípo

(Ilé oníyàrá mẹ́wàá kan ní Òkè Ààrẹ, n'Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí Láyípo, ilé gogoro Bower tó wà lórí òkè náà. Ẹ mọ bí ilẹ̀ ṣe dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún: ẹni òkè da omi nù, ẹni ìsàlẹ̀ ló máa gbá a. Oṣù August ni, ojú ọjọ́ ṣú, kò sì rọ̀. DÉLÉ, ọmọ àbúrò Bàbá Onílé, ti Kánádà wá lo ìsinmi. Ó wọ ibọ̀wọ́ onírun, ó ń làágùn. MUFU FỌKANÁÍSÀ gbé kọ̀mpirẹ́sọ̀ ẹ̀ kalẹ̀. ÌYÁ ÌBEJÌ jáde pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́.)

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ẹ gbà mí o! Ta ló ń ya pámpáàsì àwọn ọmọ mi? Kó tiẹ̀ jí i tán pátápátá, mi ò bá gbà. Ó ya inú ẹ̀, ó kó ohun tó wà níbẹ̀ lọ, ó wá fi awọ sílẹ̀ fún mi bí ẹni jẹ mọ́ínmọ́ín tó fi ewé sílẹ̀!

BÀBÁ ONÍLÉ: (látinú ilé) Eku ni.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Eku wo ló ń lo sísọ́ọ̀sì, Bàbá?

DÉLÉ: (kíákíá) Bọ̀dá Mufu, ẹ jẹ́ ká tan ẹ̀rọ.

MUFU: Ará Kánádà, tún un ṣàlàyé fún mi ná. Wákàtí-wákàtí ni mò ń gbowó, má kánjú. Kí la fẹ́ fẹ́? Mi ò rí táyà kankan níbí.

DÉLÉ: Omi la fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí.

MUFU: Omi ló jò?

DÉLÉ: Ẹ gbọ́. Pọ́ńpù tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò nìyí, mo yá a ni. Ó máa ti omi jáde tín-tìn-tín bí ìrì. Kọ̀mpirẹ́sọ̀ yín á fọ́n atẹ́gùn lù ú. Omi á dì kó tó balẹ̀, á di yìnyín. Èmi á wọ síkì mi, máa yọ̀ láti ẹnu ọ̀nà Bàbá dé ìdí kànga. Tí mo bá kàn jókòó, tí mò ń jẹ àmàlà títí tí òtútù fi máa dé lọ́dọ̀ wa, orúnkún mi á ti gbàgbé iṣẹ́.

MUFU: Ta ló kọ́kọ́ ro irú èyí?

DÉLÉ: Àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan ní Connecticut, l'Amẹ́ríkà: Art Hunt, Dave Richey àti Wayne Pierce. Lọ́dún 1950. Síkì ni wọ́n ń ṣe tà. Yìnyín wá kọ̀, kò bọ́, ọjà ò tà. Ni wọ́n bá mú rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi rin ọgbà àti kọ̀mpirẹ́sọ̀ tí wọ́n fi ń fọ́n ọ̀dà, wọ́n bá ṣe yìnyín fúnra wọn.

MUFU: Torí kí ọjà lè tà? Ó yé mi. Bí ìgbà tí fọkanáísà bá fọ́n ìṣó sójú títì.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Mufu! Ṣé ìwọ lò ń fọ́n ọn?

MUFU: Àpèjúwe ni, Ìyá Ìbejì. Ẹ wá pámpáàsì yín.

BÀBÁ ONÍLÉ: (jáde, pákò lẹ́nu) Délé, ta ló yọ pákó òrùlé mi?

DÉLÉ: (dọ̀bálẹ̀) Ẹ káàárọ̀ sà. Kì í ṣe pákó òrùlé, sà. Síkì ni. Ẹsẹ̀ la fi ń wọ̀ ọ́.

BÀBÁ ONÍLÉ: Bàtà nìyí? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ẹni tó ni ín!

MUFU: Bàbá, yìnyín ló fẹ́ rọ̀.

BÀBÁ ONÍLÉ: Nínú ilé mi? Páànù tí yìnyín fọ́ lọ́jọ́sí, mi ò tíì tún un ṣe tán.

DÉLÉ: Ìyẹn le bí òkúta, sà. Tèmi rọ̀ bí òwú. Ẹ ẹ̀ gbọ́ nípa Seun Adigun, sà? Orúkọ Yorùbá ló ń jẹ́. Inú gáréèjì ló wà ní Houston tó fi pákó kan ọkọ̀ tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, tó fi ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tó di 2018, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣojú Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní PyeongChang, ní Kòríà.

BÀBÁ ONÍLÉ: Ó kan pákó. Ṣé ó ní kí gáréèjì rọ̀jò yìnyín?

DÉLÉ: Ní Beijing ní 2022, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo yìnyín tí wọ́n lò ni wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe, sà. Bọ̀dá Mufu, ó yá!

(Jẹnẹrétọ̀ bú, kọ̀mpirẹ́sọ̀ gbè é. Omi fọ́n sókè, ó tàn bí èéfín, ó rọra balẹ̀ sórí aṣọ tí Ìyá Ìbejì sá.)

ÌYÁ ÌBEJÌ: Aṣọ mi!

BÀBÁ ONÍLÉ: (na àtẹ́lẹwọ́) Òjò ni.

DÉLÉ: Ẹ ní sùúrù díẹ̀, sà.

BÀBÁ ONÍLÉ: Àádọ́rin ọdún ni mo ti lò nílé ayé, Délé. Mo mọ òjò.

DÉLÉ: (wo tẹmómítà) 24. Ó yẹ kó tó nǹkan bí 2 nísàlẹ̀ òdo.

MUFU: Ìsàlẹ̀ odò? Odò wo, Ògùnpa?

DÉLÉ: Òdo, Bọ̀dá Mufu! Ibi tí omi ti ń dì.

BÀBÁ ONÍLÉ: Ìwọ gbọ́. Ṣé o rí amù inú pálọ̀ mi? Tí ọ̀yẹ́ bá dé, omi inú ẹ̀ a máa ta eyín. Kí ló dé tí kò rí bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí?

DÉLÉ: Ẹ ti fọwọ́ bà á, sà! Atẹ́gùn ọ̀yẹ́ gbẹ, ó ń fa omi lára amù, bí ara amù sì ṣe ń gbẹ ni inú ẹ̀ ń tutù. Bẹ́ẹ̀ náà ni yìnyín ẹ̀rọ: bí atẹ́gùn bá ṣe gbẹ tó, ni omi ṣe máa ń tètè dì tó. Ti August yìí, omi ti kún inú atẹ́gùn kí tiwa tó dé.

BÀBÁ ONÍLÉ: Nígbà náà, padà wá lọ́yẹ̀ẹ́.

DÉLÉ: Ọ̀yẹ́ Ìbàdàn gan-an ò lè tutù débẹ̀, sà.

BÀBÁ ONÍLÉ: O mọ̀, o wá ń fa omi kànga mi?

DÉLÉ: Wọ́n ń ṣe é ní Dubai, nínú aṣálẹ̀, láti 2005...

BÀBÁ ONÍLÉ: Ní ìta gbangba?

DÉLÉ: Nínú ilé, sà. Ilé tó tutù bíi fíríìsà.

BÀBÁ ONÍLÉ: Ehn-ehn.

(Ẹ má bi mí léèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni ò fi pa ẹ̀rọ látàárọ̀. Ṣebí Mufu ti ní wákàtí-wákàtí lòun ń gbowó.)

DÉLÉ: Mo mọ̀ pé ó lè má bọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní èkejì nílẹ̀. (Ó ṣí ike ọ̀dà kan, ó bu ìyẹ̀fun funfun nínú ẹ̀, ó ń wọ́n ọn sórí ilẹ̀ tútù látòkè dé ìsàlẹ̀. Ìyẹ̀fun náà mumi, ó ń wú, ó ń wú, bíi gààrì tí wọ́n rẹ tí wọ́n gbàgbé. Wóró kọ̀ọ̀kan ń dán bí ẹyin ẹja.)

ÌYÁ ÌBEJÌ: (bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì pa díẹ̀) Mo mọ nǹkan yìí. Láràárọ̀ ni mò ń rí i nídìí Táyé.

DÉLÉ: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ mà...

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ìwọ leku! Bàbá, ẹ bá mi dá sí i. Àbí torí pé Ìbàdàn lolè ti ń jàre olóhun?

BÀBÁ ONÍLÉ: Olè kan ò ní jàre nínú ilé tèmi!

ÌYÁ ÌBEJÌ: Iyọ̀ ni mo máa dà sí i, bí wọ́n ṣe ń da iyọ̀ sí ìgbín! (Ó sáré wọlé.)

DÉLÉ: Ẹ má da iyọ̀ sí i! Tí iyọ̀ bá kàn án, gbogbo omi tó mu ló máa pọ̀!

BÀBÁ ONÍLÉ: Èmi ni wàá pọ̀ ọ́ sí lára. Wá níbí, jẹ́ kí n...

(Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló gbé. Ó yọ̀ fìrìì! Ó kọjá lára Délé, ó kọjá lára Mufu, agbádá ń fẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, pákò ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Orí táyà tí Mufu tò jọ nídìí kànga ló jókòó sí, wọ̀ọ̀. Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ níkẹyìn.)

MUFU: Bàbá! Ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ṣé ẹ ò fara pa?

BÀBÁ ONÍLÉ: Má fọwọ́ kàn mí. (Ó wo ẹnu ọ̀nà ẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Ó dákẹ́ díẹ̀.) Kí wọ́n tó kọ́lé kún ibí yìí, imọ̀ ọ̀pẹ la máa ń jókòó lé, tí a ó máa yọ̀ bọ̀ látìdí Láyípo. Màmá mi nà mí títí.

DÉLÉ: Ẹ mà yọ̀ ọ́n dáadáa, sà. Orúnkún yín ká bó ṣe yẹ.

ÌYÁ ÌBEJÌ: (jáde pẹ̀lú ike iyọ̀) Níbo ló wà?

BÀBÁ ONÍLÉ: Gbé iyọ̀ yẹn sílẹ̀.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ẹjọ́ mi ńkọ́?

BÀBÁ ONÍLÉ: A ó dá a. (Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.) Pámpáàsì yẹn, mélòó ló kù nínú báàgì?